Ọkọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rí: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Kó Wọ Ogun Vietnam

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 1964, ọkọ̀ ogun méjì tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà wà lójú òkun Tonkin, nítòsí etíkun Àríwá Vietnam. Maddox ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Turner Joy ni wọ́n ń pe èkejì. Òkùnkùn biribiri ni, ojú ọjọ́ ò dáa, ìgbì ń ru. Ṣàdédé ni rédà, ẹ̀rọ tó máa ń fi ohun tó ń bọ̀ lókèèrè hàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tan àmì. Àwọn ọmọ ogun tó ń fetí sí ohun tó ń dún lábẹ́ omi náà figbe ta: tọ́pídò ń bọ̀! Tọ́pídò ni àdó olóró tó máa ń sáré lábẹ́ omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá. Èyí tí wọ́n kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní ogún. Ni ọkọ̀ méjèèjì bá ṣíná ìbọn. Wọ́n ń yìn ín sínú òkùnkùn, wọ́n ń yí síhìn-ín, wọ́n ń yí sọ́hùn-ún.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, John Herrick, ọ̀gá tó ń darí àwọn ọkọ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Tọ́pídò tó lé ní ogún, ẹyọ kan ò ba ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ Maddox, kò sẹ́ni tó lè là á mọ́lẹ̀ pé òun fojú òun rí ọkọ̀ ọ̀tá. Ó bá fi wáyà ránṣẹ́ sílé. Ohun tó sọ ní ṣókí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun táwọn kọ́kọ́ ròyìn ń kọ òun lóminú. Ó lè jẹ́ ojú ọjọ́ ló tan rédà jẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ara àwọn tó ń fetí sílẹ̀ lábẹ́ omi ti wà lọ́nà jù. Ó ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ràn yẹn sọ́kàn.

Aago tiwọn yàtọ̀ sí ti Tonkin: nígbà tílẹ̀ ti ṣú níbẹ̀, òwúrọ̀ ṣì ni ní Washington. Ọ̀sán ni wáyà Herrick dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Wọ́n kà á, ara wọn ò lélẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn wá ẹ̀rí wá kíákíá. Nígbà tí wọ́n fúngun mọ́ Herrick, ó ní ó dá òun lójú pé wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ lu àwọn lóòótọ́, àmọ́ iyèméjì wà nínú ìyókù. Ìyẹn náà tó wọn. Kó tó di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ yẹn kan náà, Ààrẹ Lyndon Johnson ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ fáwọn ará ìlú pé ọwọ́ Amẹ́ríkà ti ń lọ bá Àríwá Vietnam.

Lónìí, a ti mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ ọ̀tá kankan níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kí ló ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú?

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé àlá lásán ni wọ́n lá. Ọjọ́ méjì ṣáájú, lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ìjà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sán gangan ni. Ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta ti Àríwá Vietnam sáré tọ Maddox lọ. Maddox ló kọ́kọ́ yìnbọn, àwọn náà ju tọ́pídò, wọ́n sì yìnbọn padà. Tọ́pídò wọn ò bà á, ọta ìbọn kan péré ló ba ọkọ̀ náà. Kò sí ará Amẹ́ríkà kankan tó fara pa. Àwọn ará Vietnam ló kú, tí ọkọ̀ wọn sì bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ló bí wọn nínú tí wọ́n fi wá bá ọkọ̀ tó tóbi jù wọ́n lọ jà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni wọn ò sọ fáwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ní ìparí oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun orí omi láti Gúúsù Vietnam ti yọ́ wá lóru, wọ́n sì ti yìnbọn sí erékùṣù méjì, Hòn Mê àti Hòn Ngư, tó jẹ́ ti Àríwá. Amẹ́ríkà ló fún wọn ní ọkọ̀. Amẹ́ríkà ló bá wọn ṣètò rẹ̀, àwọn aláṣẹ ní Washington sì mọ̀ sí i. Maddox alára ò wá ṣeré lórí omi yẹn, ńṣe ló wá gbọ́ ohun táwọn ará Àríwá ń bá ara wọn sọ lórí rédíò. Lójú ẹni tó wà ní Hanoi, àwọn tó yìnbọn sí erékùṣù àti ọkọ̀ tó ń rìn gbéregbère létíkun yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Apá kan ẹjọ́ yìí ni wọ́n rò fún gbogbo ayé: ọkọ̀ wa ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ lù ú. Nígbà táwọn sẹ́nétọ̀ pe Robert McNamara, mínísítà ètò ààbò, lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ, pé kó wá ṣàlàyé, ó ní àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ò mọ nǹkan kan nípa ohunkóhun táwọn ará Gúúsù ń ṣe níbẹ̀. Irọ́ ni.

Ìwé ti wà nílẹ̀

Ká lè mọ ìdí tí wọn ò fi dúró kílẹ̀ mọ́, ó yẹ ká mọ ibi tí ọkàn wọn wà. Láti 1954, lẹ́yìn táwọn ará Vietnam ti lu àwọn Faransé ní Dien Bien Phu, ilẹ̀ náà ti pín sí méjì. Ho Chi Minh àtàwọn Kọ́múníìsì ló ń darí Àríwá, àwọn tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn ló ń darí Gúúsù. Nígbà tí Johnson di Ààrẹ ní oṣù Kọkànlá 1963, Amẹ́ríkà ti ní ọmọ ogun tó lé ní 16,000 ní Gúúsù. Olùgbaninímọ̀ràn ni wọ́n ń pè wọ́n. Síbẹ̀, ìjọba Gúúsù ń mì. Ìbẹ̀rù àwọn aláṣẹ ni pé bí Vietnam bá bọ́ sọ́wọ́ Kọ́múníìsì, àwọn ìlú tó yí i ká á máa wó tẹ̀ lé ara wọn.

Ìdìbò tún ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá 1964. Barry Goldwater, tó ń bá Johnson du ipò, ń sọ káàkiri pé ojo ni Ààrẹ. Johnson ò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo. Kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní jagunjagun tó fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tó fi máa na ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, kó sì dákẹ́.

Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti kọ ìwé àbá kan sílẹ̀, èyí tí ilé aṣòfin máa fi fún Ààrẹ lágbára láti lo ọmọ ogun ní Vietnam. Ìwé náà kàn wà nílẹ̀ ni, ó ń dúró de ìdí. Ó dà bí ẹni tó ti rán aṣọ ìyàwó sílẹ̀ kó tó mọ ẹni tó máa fẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ máa rí i pé aṣọ á bá a mu.

Ìdí nìyí tí wáyà Herrick ò fi lè dá nǹkan dúró. Bí ìròyìn ìkọlù ṣe dé, ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ ni ibi tí wọ́n máa ju bọ́ǹbù sí àti aago tí Ààrẹ máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ bóyá nǹkan ọ̀hún tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ wá di ìdíwọ́ kékeré kan tó yẹ kí wọ́n tètè mú kúrò lọ́nà.

Àwọn òtẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà dá kún un. Iléeṣẹ́ NSA, tó máa ń yọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, gba ọ̀rọ̀ kan mú lórí rédíò àwọn ará Àríwá. Wọ́n kà á sí ẹ̀rí pé ìkọlù ń bọ̀. Robert Hanyok, òpìtàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ yẹn gan-an, padà tú àwọn ìwé náà wò. Ohun tó rí ni pé àwọn ará Àríwá ò ronú ìkọlù rárá lálẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa wọ́ ọkọ̀ wọn tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì oṣù lọ sílé ni wọ́n ń sọ. Ó tún rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà mú, tó lè fi hàn pé kò sí ìkọlù, wọn ò fi han àwọn aláṣẹ. Ìgbà tó di ọdún 2005 ni wọ́n tó jẹ́ kí aráyé rí ìwádìí yìí.

Ẹnì kan tún wà tó mọ̀. James Stockdale ń fi ọkọ̀ òfurufú fò lórí Maddox àti Turner Joy lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń wolẹ̀, ó ń wá ọkọ̀ ọ̀tá, kò rí nǹkan kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun náà ni wọ́n ní kó ṣáájú àwọn tó ń lọ gbẹ̀san ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó lọ, nítorí ológun ni. Ọkọ̀ òfurufú méjì ni wọ́n já bọ́ lọ́jọ́ yẹn. Richard Sather kú. Wọ́n mú Everett Alvarez, ó sì lò ju ọdún mẹ́jọ lọ ní àhámọ́. Ọwọ́ padà tẹ Stockdale náà ní 1965, ó lo ọdún méje àti oṣù díẹ̀ lẹ́wọ̀n Hanoi pẹ̀lú àṣírí yẹn nínú.

Ẹni méjì

Lọ́jọ́ keje oṣù Kẹjọ, ilé aṣòfin dìbò lórí ìwé àbá tó ti wà nílẹ̀. Ó fún Ààrẹ lágbára láti gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá rí pé ó yẹ, títí kan lílo ọmọ ogun. Nílé aṣojúṣòfin, 416 fọwọ́ sí i, ẹnì kan ṣoṣo ò lòdì sí i. Nílé aṣòfin àgbà, 88 fọwọ́ sí i, ẹni méjì kọ̀.

Wayne Morse láti Oregon àti Ernest Gruening láti Alaska lẹni méjì yẹn. Morse ní òfin ilẹ̀ àwọn ò fún Ààrẹ ní àṣẹ láti kéde ogun, ilé aṣòfin ló fún. Ó tún béèrè ohun táwọn yòókù ò fẹ́ béèrè: kí ni ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù méjì yẹn ní í ṣe pẹ̀lú Maddox? Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì rékọjá. Gaylord Nelson, sẹ́nétọ̀ mìíràn, fẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún ìwé náà pé kì í ṣe ogun ńlá làwọn fọwọ́ sí. William Fulbright, tó ń gbé ìwé náà kiri fún Ààrẹ, ní kò pọn dandan, pé Ààrẹ ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Fulbright gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ ni. Ó padà kábàámọ̀ rẹ̀ gidigidi.

Kí nìdí tí 88 fi gbà? Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé irọ́ wà ńbẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n. Wọ́n ní wọ́n ti yìnbọn sọ́mọ wa, ìwọ wá ń béèrè ìbéèrè? Ìwọ wo ni tiẹ̀? Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá béèrè ìbéèrè máa ń dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Inú tó ń bíni ò ní kéèyàn di ojú ara rẹ̀. Ní 1968, Morse àti Gruening pàdánù ipò wọn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sọ, wọ́n sì san owó ẹ̀.

George Ball, tó wà nínú ìjọba Johnson, kọ ọ́ pé lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù yẹn, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó jọ pé ẹja làwọn ọmọ ogun òun ń yìnbọn sí. Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn gba àṣẹ ogun ló ń fi í pa ẹ̀rín.

Ball náà wà lára ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí. Ó kọ ìwé gígùn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ogun yìí ò ní í ṣeé jẹ, pé téèyàn bá ti gun ẹkùn, kì í yan ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Johnson máa ń fetí sí i dáadáa, kò lé e kúrò níṣẹ́. Àmọ́ bó ṣe ń pẹ́, Ball di ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nípàdé jẹ́ láti sọ pé rárá, kí wọ́n lè ní àwọn ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tó tìdí ẹ̀ yọ

Johnson wọlé ìdìbò. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹta 1965, ọmọ ogun 3,500 gúnlẹ̀ sí Da Nang. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti lé ní 180,000. Ní 1969, wọ́n ti lé ní 540,000. Ìwé ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ó fún àwọn láṣẹ. Ìgbà tó di 1971 ni ilé aṣòfin tó wọ́gi lé e. Ní 1973, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó ní Ààrẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ ogun sójú ìjà ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ láìgba àṣẹ, àyàfi ọjọ́ díẹ̀ tó máa fi kó wọn kúrò. Richard Nixon, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà yẹn, kọ̀ ọ́, wọ́n sì borí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 1975, àwọn ará Àríwá wọ Saigon, ogun parí. Ohun tí Amẹ́ríkà ní òun ò ní í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. Ará Amẹ́ríkà tó kú lé ní 58,000. Ní 1995, ìjọba Vietnam ní àwọn ará ìlú tó kú tó mílíọ̀nù 2, àwọn ọmọ ogun tiwọn tó kú sì tó mílíọ̀nù kan àti díẹ̀.

Ọdún 1995 yẹn náà ni McNamara, tó ti darúgbó, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Hanoi. Ó jókòó pẹ̀lú Võ Nguyên Giáp, balógun àwọn ará Àríwá, ó sì bi í pé: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ 1964? Giáp ní kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni McNamara lò kó tó lọ béèrè ohun tí Herrick ti béèrè lórí omi kílẹ̀ tó mọ́.

Ìwé kan tún dé, lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ

Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó. Ó kàn wá. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje 2023, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní Niger. Lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Abuja, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ló sì jẹ́ alága wọn. Wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan: ẹ dá Bazoum padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè lo agbára. Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì já iná tó ń lọ sí Niger. Orí fóònù gbogbo wa gbóná lọ́sẹ̀ yẹn. Bí àwọn kan ṣe ń pariwo pé ká lọ, làwọn míì ń fi ogun ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta gééré lẹ́yìn alẹ́ Tonkin, wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ nílé aṣòfin àgbà. Kíkó àwọn ọmọ ogun jọ fún ìgbésẹ̀ ológun wà lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí tí lẹ́tà náà fi ní láti dé ibẹ̀ ni pé abala karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé Ààrẹ kì í dá kéde ogun, àti pé ọmọ ogun wa ò gbọ́dọ̀ lọ jà lókè òkun tàbí nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, àwọn sẹ́nétọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹbí lódìkejì, wọ́n jọ ń ná ọjà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń ṣojú apá Àríwá mọ ẹni tí bọ́ǹbù máa kọ́kọ́ bà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ológun, àmọ́ wọ́n ní kí Ààrẹ àti ECOWAS lọ fi ọ̀rọ̀ yanjú rẹ̀.

Mi ò sọ pé àwọn sẹ́nétọ̀ wa gbọ́n ju ti Amẹ́ríkà lọ o. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tán síbẹ̀: ní oṣù Kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kankan ò kú sí aṣálẹ̀ Niger nítorí ìpinnu ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a fi ìkánjú bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀, a ṣì lè padà fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe. Ẹni tó kú ò ṣeé tún ṣe.

Ọjọ́ kan tún ń bọ̀ tí aláṣẹ kan, nílé tàbí lókè òkun, máa jáde lóru láti sọ fún yín pé wọ́n ti kọ lù wá, pé kò sí àyè àròjinlẹ̀. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i? Kí là ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ lù wá? Ìwé tẹ́ ẹ ní ká fọwọ́ sí yìí, ọjọ́ wo lẹ ti kọ ọ́? Bó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ìbéèrè mẹ́ta yìí ò ní í gba àkókò rẹ̀. Bó bá sì bínú pé ẹ bi òun, ẹ rọra ní kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná.